Nọ́ńbà 212 Kì Í Ṣe Nọ́ńbà Ẹni Tí Wọn Kò Mú

118, Òpópónà Cedar,
Kolar Springs, Texas.
3 Oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Olùdarí,
Ilé Ìrántí Eré Ìdárayá,
Kolar Springs, Texas.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ FÚN ÀTÚNṢE Ọ̀RỌ̀ ABẸ́ ÀWÒRÁN LORENE HRUSKA KÍ ÌPÀTẸ TÓ ṢÍ

1. Ìyáàfin Albright, ọjọ́ mọ́kànlélógún rèé tí ẹ ti gbé páálí àwòrán kúrò lórí tábìlì ilé ìdáná mi, tí ẹ sì gba ọ̀nà Lubbock lọ tọ́jú ìyá yín. Mo bẹ Ọlọ́run kí ara màmá tètè yá. Ǹ bá má dà yín láàmú níbẹ̀, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín ní àwọn kò lè yí lẹ́tà kan padà láìsí ìbuwọ́lùwé yín, Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, sì ni ìpàtẹ yóò ṣí.

2. Ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá. Ibi tí ẹ gbé àwòrán ìyàwó mi kọ́ dára, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì bọ́ sí i lójú bó ṣe máa ń fẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó síwájú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, inú mi sì dùn. Lẹ́yìn náà ni mo wọ awò ojú mi, tí mo ka ohun tó wà nísàlẹ̀.

3. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí: “Arẹwà ọmọbìnrin kan tó wá dán ara rẹ̀ wò láti di oníjó etí pápá fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Herons, 1986. Wọn kò mú un.” Mo mọ ohun tó fa àṣìṣe náà. Nọ́ńbà 212 tí Lorene fi píìnì há mọ́ ìbàdí ni. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé ẹni tuntun nìkan ló ń wọ nọ́ńbà, nígbà tí kò sì rí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn ẹni tuntun ọdún náà, ó gbà pé wọn kò mú un.

4. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1983, nígbà tí mo ṣì ń fẹ́ ẹ sọ́nà, mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí pápá, mo sì rí i tó ń há nọ́ńbà mọ́ ìbàdí láàárín ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí n kò mọ̀ rí. Ó sì ti bá ẹgbẹ́ náà jó fún ọdún méjì. Mo bi í pé, “Lorene, ṣé wọ́n lé ẹ ni?” Ó ní, “Dale, ọdọọdún ni wọ́n ń lé gbogbo wa. Ẹni tó bá fẹ́ àyè ẹ̀ padà, kó wá jó fún un.” Bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn rí. Tí eré ọdún bá ti parí, kò sẹ́ni tó ní àyè mọ́, ìbáà ṣe olórí ìlà. Olórí ìlà ni Lorene ní 1986. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì mú un.

5. Bí ẹ bá ń tún un kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo “arẹwà” yẹn náà. Mi ò jiyàn pé ó lẹ́wà, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Láàárọ̀, ó ń bá Dókítà Pavlas tọ́jú eyín. Ìrọ̀lẹ́ ló ń wakọ̀ lọ sí ìdánrawò. Àwọn èèyàn rò pé oníjó kò mọ bọ́ọ̀lù. Òun ló kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tiwa yìí, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tiwa, àwọn oníjó ń dákẹ́, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè gbọ́ ohùn akẹgbẹ́ wọn tó ń pàṣẹ eré. Nígbà tó bá bọ́ sọ́wọ́ àlejò, wọn a hó. Ọjọ́ kan wà tí mo hó nígbà tó yẹ kí n dákẹ́. Láti etí pápá ni Lorene ti wò mí. N kò tún un ṣe mọ́.

6. Ó tó ogójì ọdún tí Chester Kubena ti ń gé irun mi, síbẹ̀ kò yéé béèrè pé, “Dale, ipò wo lo tiẹ̀ gbá nínú Herons?” Ó dá a lójú pé agbábọ́ọ̀lù nìkan ni oníjó ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin wọn kò gbà kí wọ́n tiẹ̀ bá agbábọ́ọ̀lù mu kọfí. Mekáníìkì bọ́ọ̀sì iléèwé ni mí. Èsì mi ni pé, “Abẹ́ bọ́ọ̀sì ni mo gbá.” Ó tún bi mí lọ́jọ́ ìsìnkú Lorene. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.

7. Nọ́ńbà méje ni Lorene tọ́jú sínú agolo bisikíìtì, ó sì kọ ọdún sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti fi àwòrán wọn sínú lẹ́tà yìí. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n mú un. Ìkeje, nọ́ńbà 40, ti 1987, ni wọn kò mú un, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi pamọ́. Ó wálé lọ́jọ́ náà, ó jẹ kolache méjì, búrẹ́dì dídùn eléso tí màmá mi yan, ó ní, “Wọ́n jó jù mí lọ. Ó ti tó.” Sátidé tó tẹ̀ lé e ló ṣí gbọ̀ngán ìjọ St. Ludmila, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìlú yìí bí a ṣe ń ka ìṣísẹ̀ dé ẹ̀jọ.

8. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rìnlá tó wà níbẹ̀ báyìí ń bọ̀ wá wo ìpàtẹ yín. Bí Lorene ṣe fi lélẹ̀, gbogbo wọn ló ń há nọ́ńbà lóṣù Kẹsàn-án, àtèyí tó mọ̀ ọ́n jù àtèyí tó dé lánàá. Bí wọ́n bá ka ohun tó wà níbẹ̀, wọn yóò rò pé àmì ìtìjú ni ìyá wọn há mọ́ ìbàdí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

9. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: “Lorene Hruska, olórí ìlà àwọn oníjó Herons, lọ́jọ́ tó wá jó fún àyè rẹ̀ nígbà kẹfà, tí wọ́n sì mú un.” Bí àyè bá wà, màá mú nọ́ńbà méjèèje wá kí wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 40 náà kò gbẹ́yìn. Mo ti fi àpò ìwé tó ní sítáǹbù sínú èyí, kí ìbuwọ́lùwé yín má baà ni yín lára.

10. Láti oṣù Kẹta tí Lorene ti kú, a kò tíì pa Sátidé kan jẹ. Annette ọmọ wa ló ń kọ́ wọn jó. Orúnkún tèmi kò lè jó mọ́, àmọ́ mo lè kà dé ẹ̀jọ. Bí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe tàbí ẹ kò ráyè, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, màá ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngán.

Ẹ ṣeun, ẹ sì bá mi kí màmá.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Dale Hruska,
Ọkọ Lorene, olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngán St. Ludmila.