Iye Ọjọ́ Tí Afusat Kọ Kì í Ṣe Irọ́

                                        Ojúlé Kejìlélógún,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Harrow Manorway,
                                        Thamesmead, London.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹfà, 1994.

Ṣàmsúdéènì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Afusat, ìyàwó mi, ti kú. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún yìí ló kú, nígbà tí ààwẹ̀ ti fẹ́ parí. Má bínú pé o kò tètè gbọ́. Waheedah, àkọ́bí wa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà, n kò sì fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un pé kó kọ ọ́.

Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ wà? Ẹsẹ̀ rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ọ wọ ọkọ̀ lọ sórí ọ̀sà? Kí Ọlọ́run dá gbogbo yín sí. Èmi ń jẹun, mo ń rìn, ara mi le. Inú ló ń bí mi. Apẹja ni ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o gbọ́ ọ.

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan létí odò ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rọ wọn a máa fa omi odò wọlé, irin oníhòhò kan ló sì ń dá pàǹtí dúró. Èmi ni mo ń kó ohun tó bá há sára irin náà kúrò: ewéko, ọ̀rá, bàtà ẹsẹ̀ kan, ẹja. Ọ̀kan wà nínú ẹja náà tí wọ́n ń pè ní sámọ́ọ̀nù. Inú odò la ti ń bí i, yóò lọ dàgbà nínú òkun, yóò sì tún padà sí odò wá yé ẹyin. Ẹ̀gbin ti lé e kúrò nínú odò yìí láti ayé baba ńlá wọn. Ìjọba wá ń sin ọmọ rẹ̀, wọ́n ń gé lẹbẹ kékeré kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń dà á sódò. Èyí tí lẹbẹ rẹ̀ bá pé, odò fúnra rẹ̀ ló bí i. Iye irú èyí ni wọ́n ń wá.

Ní 1990, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹja odò wá bá wa. Wọ́n ní àwọn kò lè wà níbi gbogbo, kí a jọ ṣe é. Bí a bá rí sámọ́ọ̀nù, kí a wọ̀n ọ́n, kí a wo lẹbẹ rẹ̀, kí a sì kọ iye ọjọ́ tó wà láàárín òun àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Bíyìí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Bàbá Waheedah, ẹ gbé e lọ fún Mummy kí wọ́n fi se ọbẹ̀ jàre! Ta ló ń ka ẹja fún òyìnbó?"

Èmi kà á. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo ní okùn. Lọ́jọ́ tí mo bá rí ẹja, màá ta kókó kan. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, màá ta òmíràn, títí dé ọjọ́ tí màá rí ẹja mìíràn. Ní gbogbo Sunday, èmi yóò ka kókó, Afusat yóò kọ ọ́ sínú ìwé tó rà ní Powis Street, yóò sì dà á kọ sórí fọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ti máa ń tán an lókun, síbẹ̀ kò fo ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún mẹ́ta. Ẹja mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́sàn-án ni lẹbẹ wọn pé.

Lóṣù kejì ọdún yìí, nígbà tí àìsàn ti dá Afusat wólẹ̀, lẹ́tà ọ́fíìsì ẹja dé. Waheedah kà á létí ibùsùn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ro iye ọjọ́ náà pọ̀ láti orí ẹja àkọ́kọ́, ẹja tó gbẹ̀yìn sì bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wa, tí omi kò wọlé rárá. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣeé gbára lé, àwọn ti yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Afusat yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá Waheedah, ṣé mo purọ́ ni?"

Ṣàmsúdéènì, èmi tí mo ka kókó fún un, mo ní, "Ó lè jẹ́ pé ìwọ lo ṣì í kọ."

Kò tún dárúkọ ìwé náà mọ́ títí ó fi kú.

Lóṣù tó kọjá, èmi àti Waheedah lọ bá ọ̀gá wọn. Ó fún wa ní tíì. Ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́, kọ̀ǹpútà ló kọ̀ ọ́. Mo ní kí Waheedah bi í pé ta ló wá bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́? Ó wo aago. Ó ní ìwé àwọn yóò jáde ní ìparí oṣù keje, ohun tí yóò sì wà nínú rẹ̀ ni pé odò kò bí sámọ́ọ̀nù kankan ní ìhà tiwa. Wọ́n máa ń ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ wa ni wọ́n gbà, àyà ti ara wọn ni wọ́n sì fi sọ.

Ní Sátidé tó kọjá, Waheedah ṣí ìwé ìyá rẹ̀. Ó ní, "Daddy, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Mummy kọ sáàárín ẹja méjì yìí, ṣé ẹ ka ọjọ́ tí ẹ rí ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn?"

Mo ní, "Ta ni kì í kà á mọ́ ọn?"

"Àwọn òyìnbó, Daddy. Ọ̀la ni ọjọ́ kìíní tiwọn."

Mo ní irọ́ ni.

Ó ní, "Jímọ̀ọ̀ ni Mummy kú. Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀lé e la ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ méje ni wọ́n ń pe ìyẹn níbí."

Ó yọ ọjọ́ kan kúrò lára ẹja kọ̀ọ̀kan láti orí èkejì, gbogbo ohun tó yọ jẹ́ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹja tó gbẹ̀yìn bọ́ sí ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, ọjọ́ tí mo rí i gan-an. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà ní Ẹ̀pẹ́ ni mo kà á. Ìwọ náà ì bá kà á bẹ́ẹ̀. Afusat kò purọ́, kò sì ṣi nǹkan kan kọ. Àwọn kò béèrè, èmi sì di ẹ̀bi lé ẹni tó ń kú lọ lórí. N kò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí jù nínú wa.

Waheedah tẹ̀ wọ́n láago. Wọ́n ní kó kọ ọ́ wá, àwọn yóò wò ó. Wọn kò ṣèlérí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé. Lọ sọ́dọ̀ Sakeenah, àbúrò Afusat, fẹnu ara rẹ sọ fún un. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lọ́jà.

Waheedah, ìwọ tó ń kọ ọ́ yìí, kọ èyí náà sílẹ̀ kí ọ̀rẹ́ mi ṣe ẹlẹ́rìí. N kò lọ sí ọ́fíìsì náà mọ́. Bí mo bá débẹ̀, ìjà ni. Ìwé ìyá rẹ ti di tìrẹ láti òní. Jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi dá ẹja mẹ́sàn-án náà padà sínú ìwé wọn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló kọ ọ́, má dárúkọ mi. Afusat ló kọ ọ́.

Èmi ni tìrẹ, tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́,
Gafar.