Koríko Tí Bàbá Kò Fẹ́ Ká Sun

Àbúrò mi Ardis,

Mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún ìyàwó mi ti ń san díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ èmi.

Koríko tí ìjọba ń sanwó fún wa pé ká dá sí lóko, kẹ́yẹ lè ríbi gbé, ti dì pọ̀ bí ẹní. Ọmọ àparò onírù gígùn, ẹyẹ tí Bàbá máa ń dọdẹ, kò rọ́nà rìn nínú rẹ̀ mọ́. Ọgọ́rin éékà ni, ó sì yẹ kí n sun gbogbo rẹ̀ lóṣù kẹrin kí tuntun lè hù. Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

“Verlyn, ṣé orí ẹ pé? Ibo lẹyẹ máa sá sí tígbà ọdẹ bá dé?”

“Bàbá, tó bá fi máa di ọdún méjì, àwọn ẹyẹ á pọ̀ ju báyìí lọ.”

“Ta ló ṣèlérí ọdún méjì fún mi?”

Ọgọ́ta éékà ni màá sun; màá fi ogún tó wà létí àbàtà sílẹ̀ fún un. Jọ̀ọ́, wá lóṣù kẹwàá tígbà ọdẹ bá dé, kí o di Bàbá lápá mú rìn ín níbẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kó o bá a láyé.

Verlyn, ẹ̀gbọ́n rẹ