Alhaji Mùnírù Àrẹ̀mú, Ẹni Tó Kọ́ Kọ̀ǹpútà Bí A Ṣe Ń Jẹ́ Ìpè

A bí bàbá wa ní Ara, nítòsí Ẹ̀jìgbò, lọ́dún 1957, sí ìdílé Bàbá Làmídì, àgbẹ̀ oníṣu, àti Ìyá Àṣàbí. Lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, wọ́n lọ sí Àbíjàn, wọ́n kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò, wọ́n sì fẹ́ ìyá wa, Alhaja Sọ̀fíyátù, níbẹ̀ lọ́dún 1983.

Wọ́n padà sílé lọ́dún 2003, ni wọ́n bá dojú kọ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta! Inú kánẹ́ẹ̀lì, ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, ni wọ́n wọ̀ tààrà. Bí ẹ̀yà kan bá pè, kánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó dá a lóhùn, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́dún 2018, wọ́n ṣe àpótí amóoru fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Wàlíyátù, ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n bí ní oṣù méje, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sínú rẹ̀. Àṣìṣe ọmọ Ara pọ́ńbélé ló wà níbẹ̀. Bàbá kì í kíni ní ìkánjú: wọn á béèrè ará ilé, iṣẹ́ oko, títí kan ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ kánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń darí àpótí náà. Ìpè tó bá kọ́kọ́ dé, á tilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù títí á fi ṣe tirẹ̀ tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kánẹ́ẹ̀lì ń ṣàkọsílẹ̀ mímí ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí ìpè dé pé ooru ti pọ̀ jù. Kò gbọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá wa tí wọ́n fọwọ́ kan ọmọ, tí wọ́n sì ké sí bàbá wa:

"Bàbá Bàṣírù, ẹ wá o! Ara ọmọ yìí ti gbóná jù!"

Bàbá sunkún. Ọmọpẹ́, ìyá ọmọ náà, gbé e lé àyà, ó ní kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá fi tún un kọ: kí kánẹ́ẹ̀lì jẹ́ ìpè kíá, kó sàmì sí i, kó ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ gígùn di ẹ̀yìn. Ìpè ooru ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tilẹ̀kùn mọ́ láéláé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ki ọwọ́ ara wọn bọ àpótí, wọ́n sì fi ooru kún un. Ó ké kí ó tó ta wọ́n lára! Inú wa dùn, a hó yèè. Ọmọpẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ fún wọn.

Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí Ara ṣe.

Wọ́n fi ìyá wa sáyé lọ, pẹ̀lú Bàṣírù, Ọmọpẹ́ àti Mùbárákà, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti Wàlíyátù láàárín wọn, ọmọ ọdún méje tí kò sẹ́ni tó lè sáré bá.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ yín, Bàbá. Ẹ sùn re o. Ọmọ náà wà láàyè.