Sányán Màmá Ń Bẹ ní Ṣakí

Ọjọ́rú, 5 Nọ́fẹ́ńbà 2025
Wọ́n gbé iṣẹ́ fún mi. Ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsẹ́yìn fẹ́ rìnrìn-àjò afẹ́ ọlọ́jọ́ kan ní Àbámẹ́ta — Ìsẹ́yìn, Òkakà, Ṣakí — kí wọ́n lọ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Èmi ni afinimọ̀nà. Pólì ni mo ti kọ́ ọ. Alága ẹgbẹ́ ni bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí — Tíṣà Àgbà, bí mo ṣe ń pè é níbi tí kò ti lè gbọ́. Ó ní ìmọ̀ mi lòun wò tóun fi yàn mí. Kò sẹ́lòmíì tó béèrè iṣẹ́ náà.

Màmá, ìyá rẹ̀, tún tú àpótí lónìí. Sányán rẹ̀ ló ń wá. Bàbá àgbà, ahunṣọ, ló hun ún fún un kó tó kú, pé aṣọ náà ni kí wọ́n fi sin ín tọ́jọ́ bá pé. Tíṣà Àgbà ní òun bá a tọ́jú ẹ̀ ni. Màmá ní, "Níbo?" Ó ní níbi tó dáa. Bó ṣe ń dáhùn nìyẹn láti ìgbà ọdún Àjíǹde.

Ọjọ́bọ̀, 6
Tíṣà Àgbà fi bírò pa ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ṣakí rẹ́ nínú ètò mi. Ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa. Mo ní ọ̀nà wo ló dáa? Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 7
Àwọn tíṣà kọ̀. Wọ́n ní Ṣakí gan-an làwọn ń lọ. Màmá náà ní òun ń lọ. Tíṣà Àgbà ní, "Màmá, ẹ ti dàgbà, ọkọ̀ á gbọ̀n yín." Màmá ní, "Oyún rẹ gbọ̀n mí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àbámẹ́ta, 8
Ó ti rẹ̀ mí. Ó di ọ̀la.

Àìkú, 9
Ó ṣì rẹ̀ mí. Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì la gbé lánàá, èyí tí mo sọ ní Ìfaradà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Ìsẹ́yìn níbí la kọ́kọ́ dé. Àgádágodo. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ wa iṣu. A gba ojú fèrèsé wo òfì ìhunṣọ kan àti ewúrẹ́ kan. Mo ní láti ṣàlàyé pé ewúrẹ́ ò sí lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Òkakà — àpáta tí wọ́n ní ó jọ erin. Mi ò rí erin. Àgbẹ̀ kan tó ń kọjá ní kí n sún sápá ọ̀tún. Mo sún. Àpáta. "Ẹ tún sún díẹ̀." Ẹ̀gún gún mi. Ìyáàfin Àyọ̀ká, akọ̀wé ẹgbẹ́, ní òun rí erin náà kedere. Àpáta míì ló ń nawọ́ sí.

Oòrùn, eruku. Gbogbo wọn sùn nínú ọkọ̀ àfi Tíṣà Àgbà. Ó ń làágùn bí ọmọ tí kò kàwé dé ọjọ́ ìdánwò.

Ṣakí. Alhaja Misturat ló ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀. Ó mú wa wo àdá, ìkòkò, àga ìjòyè. Lẹ́yìn náà, sányán kan lẹ́yìn gíláàsì. Alhaja ka àkọlé rẹ̀ sókè: aṣọ olóògbé ìyá Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí, Ìsẹ́yìn, ẹ̀bùn láti ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní ká dákẹ́ díẹ̀ láti bọlá fún olóògbé. A dákẹ́. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. Ó ní:

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni mo kú?"

Alhaja wò ó, ó wò mí. Ó ní àwọn kì í gba ẹrù ẹni tó wà láyé, nítorí ìjà ẹbí. Ọmọ olóògbé ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìyá òun ti ṣaláìsí.

"Olóògbé ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

Alhaja gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé Màmá kú ló gbọ́dọ̀ sọ pé kò kú, níwájú ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí kún yàrá. Púpọ̀ nínú wọn ló ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Tíṣà Àgbà, wọ́n sì mọ pàṣán tó fi ń na ọmọ tó bá purọ́. Gbogbo ojú yí síbi tó dúró sí. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti wà nínú Ìfaradà, ó ń wo iwájú.

A padà láìsí aṣọ. Mo fún Màmá lómi lójú ọ̀nà. Ó ní, "Òkú kì í mumi."

Ajé, 10
Tíṣà Àgbà dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Màmá kọjú sí mi: "O ò rí nǹkan? Bàbá rẹ ń bá òkú sọ̀rọ̀."

Ìṣẹ́gun, 11
Màmá ò jẹun. Mo bi Tíṣà Àgbà pé kí ló dé tó fi ṣe é. Ó ní gbogbo aṣọ tí bàbá òun hun ti gbó tán, àfi ìyẹn. Òun ò fẹ́ kó lọ jẹrà nínú ilẹ̀. Mo wá ẹ̀fẹ̀ tí mo lè fi dá a lóhùn. Mi ò rí.

Ọjọ́bọ̀, 13
Tíṣà Àgbà kó gbogbo ẹgbẹ́ padà sínú Ìfaradà, àti Màmá. Ẹ̀yìn mi ò tíì bọ́ nínú ti àkọ́kọ́. Ní Ṣakí, ó dúró níwájú gíláàsì, ó ní ìyá òun wà láyé, irọ́ lòun pa. Ohùn rẹ̀ kéré. Ìyáàfin Àyọ̀ká ní, "Ẹ sọ ọ́ sókè, ọ̀gá, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́." Bí Tíṣà Àgbà fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ fáwọn ọmọ ilé-ìwé nìyẹn. Ó tún un sọ. Ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ níta gbọ́.

Alhaja ká aṣọ náà lé Màmá lọ́wọ́. Nígbà tá à ń bọ̀, Màmá béèrè omi.

Àìkú, 16
Mo rò pé inú àpótí ni sányán máa padà sí. Màmá ró o jáde ní yàrá láàárọ̀ yìí, ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà Àgbà ní, "Màmá, ẹ̀ẹ́ ti ṣe? Ìsìnkú lẹ tọ́jú ẹ̀ dè." Màmá ní, "Ṣé o ò tíì sin mí ni?"

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ, wọ́n ń béèrè ẹni tó hun ún. "Bàbá mi ni," Tíṣà Àgbà ń sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Màmá ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ni epo bá kán sí i nítan. Tíṣà Àgbà sáré lọ bomi. Màmá ní kó fi sílẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ tóun bá kú.

Mo ní, "Ìgbà wo nìyẹn, mà?"

"Lọ bi bàbá rẹ. Òun ló máa ń mọ̀."