Ṣé Ọkọ Mi Ti Gbà Kí N Lọ?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ìlú wa ò tóbi.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Igbó-Ọrà. Yunifásítì ti gbà mí ní Ìbàdàn láti lọ gba digirí kejì, kí n lè máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní, "Ta ni yóò máa tọ́jú Màmá?"

Ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀gbà mú wọn lẹ́sẹ̀ kan lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo ń na ẹsẹ̀ náà fún wọn láràárọ̀.

Màmá gbọ́ wa láti yàrá. Wọ́n fi ọ̀pá rọra rìn jáde sí pálọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Àkànó, má fi mí ṣe àwáwí. Ìwé tí ìyàwó mi kà ni mo fi ń rìn yìí. Jẹ́ kó lọ."

Ọkọ mi dìde, ó wọ yàrá lọ, mo rò pé inú ń bí i. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bá a lọ́dọ̀ Màmá, ó gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan. Ó ní, "Wá fi bó o ṣe ń ṣe é hàn mí."

Látìgbà náà, òun ló ń ṣe é. Síbẹ̀, kò tíì fẹnu sọ pé kí n máa lọ. Àwọn olùkọ́ yunifásítì sì ti parí ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ti fẹ́ wọlé.

Ẹ̀yin ará, ṣé kí n di ẹrù mi, àbí kí n dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀? Tó bá sì ń gbọ́ yín báyìí, ẹ bá mi sọ fún un pé mo dúpẹ́.

Èmi ni, ìyàwó Màmá.