Wáyà Abẹ́ Àgò Kẹta

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Eku méjìdínlógún, àgò mẹ́ta, ní yàrá ìwádìí wa. A máa fi ebi pa wọ́n mọ́jú. Lọ́la, àgò kìíní á mu omi lásán, èkejì oògùn ọgbẹ́ inú tí wọ́n ń tà, ẹ̀kẹta oje kànrìnkànrìn òkun. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á mu ọtí líle tó ń dá ọgbẹ́ síkùn, ká wo èyí tó máa dáàbò bò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi aránṣọ bi mí bóyá kànrìnkànrìn tá a fi ń wẹ̀ ni. Mo ní rárá o, ohun ẹlẹ́mìí ni, ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbé. Ó ní ohun tí kò lójú, tí kò nífun, òun ló fẹ́ wo inú òun sàn. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọgbẹ́ inú ti ń bá a fínra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
A la ikùn wọn. Àgò kìíní, ọgbẹ́ bẹẹrẹ. Èkejì sàn díẹ̀. Ẹ̀kẹta mọ́ tónítóní! Ọ̀gá wa obìnrin rẹ́rìn-ín — Ẹ̀rín-Ọdún là ń pè é lẹ́yìn, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ayọ̀ pa mí bí ọtí. Mo jí oje náà bù sínú ìgò kan, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Ẹ̀gbọ́n mi ti da oògùn ilé ìwòsàn nù. Ó ní ara ti ń tu òun. Ó yẹ kí n bá a wí. Mo bá a rẹ́rìn-ín ni.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo ń gbá yàrá eku. Wáyà kan fara ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n kọ "3" sí i lára. Eku tí ebi ń pa, a máa jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀; ìdí nìyẹn tá a fi ń tẹ́ wáyà, kí ìgbẹ́ lè jábọ́. Mi ò tẹ́ ti àgò kẹta. Wọ́n yó. Ohun tí wọ́n jẹ ló gba ọtí náà dúró, kì í ṣe oje. Mo tiẹ̀ rí nǹkan dúdú nínú ikùn wọn lọ́jọ́ náà, mo sáré fi omi ṣàn án. Àfọwọ́fà ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń ránṣọ, ó ń kọrin.

Ọjọ́ Ajé, 18
Mo sọ fún Ẹ̀rín-Ọdún. Kò pariwo. Ó ní ká tún un ṣe, kí n tẹ́ wáyà níṣojú òun. Mi ò dárúkọ ìgò.

Ọjọ́rú, 20
Àgò kẹta, ọgbẹ́ bẹẹrẹ, kò yàtọ̀ sí ti omi lásán. Ọ̀gá fọwọ́, ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ó ní a dúpẹ́ pé eku nìkan la fún mu. Ojú tì mí, mi ò lè wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 21
Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láàárọ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí ọ̀dà láti àná, òòyì ń kọ́ ọ. Ó ní kí n má ṣèyọnu, àìsàn ló ń jáde. Ẹ̀jẹ̀ láti inú ọgbẹ́ náà ni. Mo ti wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ní bí mo bá ń bọ̀, kí n bá òun mú ìgò mìíràn.