Òkúta Tí Ọkọ Mi Tò Sórí Òrùlé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú làálàá àwa olùgbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi láṣìírí.

Orí òkè gbalasa ni ilé wa wà, kò sí igi kankan tó lè gba ìjì dúró. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, ọkọ mi a to òkúta sórí páànù kí atẹ́gùn má baà ṣí i lọ. Bí mo bá ní kó rọra, a ní, “Ìyá Ìbejì, bí mo bá já bọ́, orí rẹ ni mà á bọ́ sí!” Àìsàn ló mú un lọ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Káfíńtà wá wo òrùlé náà. Ó ní, “Ìyá, òkúta ò lè di òrùlé mú. Bí ìjì bá ṣí páànù, àwọn ọmọ ló máa já lé lórí. Ẹ jẹ́ ká kó o kúrò, ká fi irin de igi òrùlé mọ́ ògiri.”

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ní kó padà wá lọ́la, torí ọwọ́ ọkọ mi ló to òkúta wọ̀nyẹn. Páànù sì ti ń mì.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe? Olóòtú, ẹ bá mi ka èyí sókè dáadáa: Bàbá Ìbejì, ètò orí rédíò tí o fẹ́ràn nìyí. Bí o bá ń gbọ́, jọ̀ọ́, ní kí n kó òkúta rẹ sílẹ̀.